Ìbéèrè Òǹkàwé: Òtítọ́ Wo Ni Ó Wà Nínú Ìtàn Àwọn Ajẹ́rìíkú Ìgbàanì?

Nínú ìwé ìròyìn wa tí ó jáde ṣáájú èyí, a sọ̀rọ̀ ní ṣókí lórí Ọjọ́ Gbogbo Àwọn Ẹni Mímọ́, a sì mẹ́nu ba àwọn Kristẹni tí ìjọba Róòmù pa ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn náà. Lẹ́tà tí ó tẹ̀lé e kò kéré, pàápàá láti Àkúrẹ́ àti Oǹdó, níbi tí ènìyàn kò ti lè rìn jìnnà kí ó má bá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tí ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ kan. Mo ti pa àwọn ìbéèrè tí ó jọra pọ̀, mo sì gé àwọn tí ó gùn kúrú.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin ti Catherine Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ ni mo ti jáde, Àkúrẹ́ ni mo sì fi ṣe ibùgbé báyìí. Ọmọ mi tí ó wà ní yunifásítì sọ fún mi pé kò sí ẹni tí ń jẹ́ Catherine yìí rí, pé àwọn Kátólíìkì fúnra wọn ti yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn ẹni mímọ́. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá kan, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, mà. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni ọmọ yín gbọ́. Òótọ́ ni pé nígbà tí Ìjọ Kátólíìkì tún kàlẹ́ńdà rẹ̀ ṣe ní ọdún 1969, wọ́n yọ ọjọ́ Catherine ti Alẹkisáńdíríà kúrò nínú èyí tí gbogbo ìjọ ní àgbáyé ń lò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2002 wọ́n dá a padà sí 25 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ kan náà tí àwọn Áńgílíkà fi ń rántí rẹ̀. Ọmọ náà kò purọ́, ìròyìn tí ó gbọ́ ni ó ti pẹ́ nílẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Ìtàn tí a jogún ni pé ọmọbìnrin ọlọ́lá ni, ọmọ ọdún méjìdínlógún, tí ó mọ̀wé débi pé nígbà tí késárì kó àádọ́ta amòye jọ láti fi àríyànjiyàn borí rẹ̀, òun ni ó borí gbogbo wọn, tí àwọn náà sì di Kristẹni. Wọ́n wá ṣe àgbá kẹ̀kẹ́ tí ó ní irin ṣóńṣó láti fi fà á ya. Kẹ̀kẹ́ náà fọ́. Wọ́n fi idà bẹ́ ẹ lórí, wàrà ni ó ṣàn dípò ẹ̀jẹ̀, àwọn áńgẹ́lì sì gbé òkú rẹ̀ lọ sí Òkè Sínáì. Eusebius, bíṣọ́ọ̀bù Kesaria, wà láyé ní àkókò inúnibíni tí wọ́n ní Catherine kú sí, ó sì kọ púpọ̀ nípa àwọn tí wọ́n pa ní Íjíbítì, síbẹ̀ kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Ohun tí ó sọ ni pé obìnrin ọlọ́lá kan ní Alẹkisáńdíríà kọ̀ fún késárì Maximinus tí ó fẹ́ bá a ṣe ìṣekúṣe, pé késárì gba gbogbo dúkìá rẹ̀, ó sì lé e kúrò ní ìlú. Kò sọ orúkọ obìnrin náà, kò sì sọ pé wọ́n pa á. Àwọn onímọ̀ kan rò pé láti ibẹ̀ ni ìtàn Catherine ti hù. Ilé àwọn mọ́ńkì tí ó wà lẹ́sẹ̀ Òkè Sínáì pàápàá, tí Késárì Justinian kọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, orúkọ Màríà ìyá Jésù ni wọ́n kọ́kọ́ fi yà á sí mímọ́ kí orúkọ Catherine tó gba ibẹ̀ kan.

Bí wọ́n bá pè mí sí ilé-ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní lè búra pé obìnrin náà gbé ayé rí, n kò sì ní búra pé kò gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yín tì yín lójú, mà. Ẹni tí ó bá mú orúkọ ọmọbìnrin tí ó fi ìwé borí àádọ́ta amòye, tí ó fi sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin, mọ ohun tí ó ń ṣe.

Awakọ̀ ni mí, ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìbàdàn ni mo ń ná. Fadá kan fún mi ní àmì Christopher Mímọ́ tí mo so síwájú ọkọ̀. Ẹlẹ́gbẹ́ mi kan ní ẹni mímọ́ tí wọ́n ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni. — Awakọ̀, Àkúrẹ́

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ yín pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1969 kan náà ni wọ́n yọ ọjọ́ Christopher kúrò nínú kàlẹ́ńdà gbogboogbò, wọ́n sì yọ̀ǹda kí àwọn ìjọ tí ó bá fẹ́ máa ṣe é lọ ní 25 oṣù Keje. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé orúkọ àwọn ajẹ́rìíkú tí Róòmù ń lò. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan wà tí ń jẹ́ orúkọ yìí tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́, nítorí pé ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún, wọ́n ti ya ṣọ́ọ̀ṣì kan sí mímọ́ ní orúkọ rẹ̀ ní agbègbè tí ó wà ní Tọ́kì lónìí. Ìtàn òmìrán tí ó ń gbé àwọn èrò kọjá odò, tí ọmọ kékeré kan sì wá ń wúwo sí i lórí èjìká rẹ̀ títí ó fi mọ̀ pé Kristi ni òun gbé, ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa ni ó dé. Ẹ má yọ àmì náà. Ẹ rọra máa sá eré o.

Lay reader ni mí ní Oǹdó. Tí mo bá fẹ́ sọ ìtàn àwọn ajẹ́rìíkú lórí pẹpẹ, báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi kún un? — Láti Òkè-Àlùkò, Oǹdó

Ẹni tí ó ń sìn ní Òkè-Àlùkò, níbi tí Kàtídírà Stefanu Mímọ́ wà, ti ní àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ nílé, nítorí ìwé Ìṣe Àwọn Aposteli orí kẹfà àti ìkeje sọ ikú ajẹ́rìíkú àkọ́kọ́ láìsí àsọdùn kankan: wọ́n fẹ̀sùn kàn án, ó sọ̀rọ̀ gígùn, inú bí wọn, wọ́n sọ ọ́ lókùúta. Bí ìwé tí ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi méjì wéra. Ní 17 oṣù Keje ọdún 180, wọ́n kó àwọn Kristẹni kan láti ìlú tí ń jẹ́ Scilli wá síwájú gómìnà Saturninus ní Carthage, ní ilẹ̀ Tùnísíà òde òní. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ wọn wà títí di òní, kò sì gùn rárá. Gómìnà ní kí wọ́n fi orí késárì búra. Speratus, tí ó ń gba ẹnu àwọn yòókù sọ̀rọ̀, kọ̀. Gómìnà bi í pé kí ni ó wà nínú àpótí tí wọ́n gbé lọ́wọ́; ó ní àwọn ìwé ni, àti àwọn lẹ́tà Paulu, ọkùnrin olódodo. Gómìnà ní òun fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ kí wọ́n lọ rò ó. Speratus tún ní Kristẹni ni òun. Wọ́n ka orúkọ wọn, ọkùnrin méje àti obìnrin márùn-ún, wọ́n sì bẹ́ wọn lórí. Kò sí áńgẹ́lì níbẹ̀, kò sí ẹranko tí ó wólẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, gómìnà náà kò sì gbó bí ajá. Ó jọ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ ti sú, tí ó fẹ́ kí gbogbo wọn máa lọ sílé.

Ẹ wá wo Lawrence, díákónì ìlú Róòmù, tí gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n yan lórí irin tí a fi ń yan ẹran, tí ó sì sọ fún àwọn tí ń yan án pé ẹ̀gbẹ́ kan ti jiná, kí wọ́n yí òun padà. Wọ́n pa á ní 10 oṣù Kẹjọ ọdún 258 lábẹ́ Késárì Valerian. Ní oṣù yẹn gan-an, Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, kọ lẹ́tà kan tí ó sọ ohun tí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ gbọ́ ní Róòmù: pé késárì ti pàṣẹ kí wọ́n pa àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àlùfáà àti díákónì lójú ẹsẹ̀, àti pé ní 6 oṣù Kẹjọ wọ́n ti pa Póòpù Sixtus pẹ̀lú díákónì mẹ́rin ní ibi ìsìnkú. Àṣẹ tí ó ní kí a pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún iná tí a ń kó jọ díẹ̀díẹ̀. Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Milan, tí ó sọ̀rọ̀ irin náà, kọ tirẹ̀ ní nǹkan bí àádóje ọdún lẹ́yìn ikú Lawrence. Pé wọ́n pa Lawrence dájú, ọjọ́ ikú rẹ̀ dájú, ibojì rẹ̀ kò sì sọnù. Irin náà ni èmi kò ní lè dúró lé lórí.

Ohun tí ẹ ó máa wò nìyẹn: ọdún mélòó ni ó wà láàárín ikú ẹni náà àti ẹni tí ó ń ròyìn, ọ̀rọ̀ ẹnu ta ni ó sì ń sọ. Tí ẹ bá rí ìtàn tí ajẹ́rìíkú ti ń ṣe ìwàásù ojú ìwé mẹ́wàá lábẹ́ idà, tí gómìnà ń pariwo bí wèrè, tí gbogbo ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ kò sì dùn ún, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni ó kọ ọ́. Ẹ lè sọ ọ́ fún ìjọ, ṣùgbọ́n ẹ sọ pé ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ ni.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni mí ní Ìjọmu. Mo kà pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Perpetua kọ ìtàn ara rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó pa á. Ṣé òun ni ó kọ ọ́ lóòótọ́, àbí wọ́n kọ ọ́ sí i lẹ́nu? — Àǹtí Ọjọ́ Ìsinmi, Àkúrẹ́

Òun ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onímọ̀ ṣe gbà. Ó wà lára àwọn ìwé díẹ̀ tí ọwọ́ obìnrin Kristẹni ìgbàanì kọ tí ó ṣì wà, bí mo bá sì ní láti yan ìtàn kan ṣoṣo láti inú gbogbo ìtàn àwọn ajẹ́rìíkú, èyí ni n ó yàn.

Carthage kan náà ni, ní ọdún 203, nígbà tí Septimius Severus ń jọba. Perpetua jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún tàbí súnmọ́ ọn, ọmọ ilé ire tí ó kàwé, tí ó ti lọ́kọ, tí ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Wọ́n mú un pẹ̀lú àwọn mìíràn tí wọ́n ṣì wà ní kíláàsì ìrìbọmi, lára wọn ni Revocatus àti Felicitas tí wọ́n jẹ́ ẹrú. Felicitas lóyún. Saturus, tí ó ń kọ́ wọn, kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n mú wọn, ni ó bá lọ fi ara rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́.

Bàbá Perpetua ni ó gba àyè jù lọ nínú ohun tí ó kọ, bàbá náà kò sì gba ẹ̀sìn Kristi. Ó kọ́kọ́ wá pẹ̀lú ìbínú. Nígbà kejì, ó wá pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀: ó ní kí ó wo ewú orí òun, kí ó rántí pé òun fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ, ó ń fi ẹnu ko ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì pè é ní ọmọ mọ́, ìyáàfin ni ó ń pè é. Òǹkàwé Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tí ó jẹ́ kí bàbá wólẹ̀ fún ọmọ. Ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, ó tún gbé ọmọ ọwọ́ náà wá síwájú Hilarianus tí ń ṣe adájọ́. Hilarianus ní kí ó ṣàánú ewú bàbá rẹ̀, kí ó ṣàánú ọmọ rẹ̀, kí ó rúbọ fún àlàáfíà àwọn késárì. Perpetua ní òun kò ní ṣe é. Hilarianus bi í pé ṣé Kristẹni ni. Ó ní Kristẹni ni òun. Bàbá kò dákẹ́, Hilarianus sì ní kí wọ́n lù ú bọ́ sílẹ̀. Perpetua kọ ọ́ pé bí wọ́n ṣe na bàbá òun, ó dun òun bí ẹni pé òun ni wọ́n nà. Ẹni tí ó bá ń pa irọ́ mọ́ ajẹ́rìíkú kì í kọ irú èyí. Yóò ti sọ bàbá náà di ọ̀tá.

Felicitas ní ìṣòro tirẹ̀. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, òfin sì kọ̀ kí wọ́n pa aboyún, ẹ̀rù wá ń bà á pé wọn yóò dá òun dúró, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun yóò sì lọ ṣáájú. Wọ́n gbàdúrà, ó sì rọbí ṣáájú àkókò. Bí ó ṣe ń kérora, wọ́dà kan bi í pé tí ó bá ń ké báyìí nísinsin yìí, kí ni yóò ṣe níwájú àwọn ẹranko tí wọn yóò tú sí wọn? Ó ní ìyà tí òun ń jẹ lọ́wọ́, òun nìkan ni ó ń jẹ ẹ́. Nígbà náà, ẹlòmíràn yóò wà nínú òun tí yóò jẹ ẹ́ fún òun. Ọmọbìnrin ni ó bí, obìnrin onígbàgbọ́ kan sì gbà á tọ́.

Perpetua parí ìwé rẹ̀ ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ikú rẹ̀, ó ní ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní pápá ìwòran, kí ẹni tí ó bá wù kọ ọ́. Ẹlòmíràn ni ó kọ ìyókù: ní 7 oṣù Kẹta, ní ayẹyẹ ọjọ́ ìbí Geta ọmọ késárì, wọ́n tú màlúù oníjàgídíjàgan sí àwọn obìnrin méjèèjì. Ó gbé Perpetua ṣubú. Ó dìde, ó fa aṣọ rẹ̀ tí ó ya bo itan, ó sì wá ohun tí yóò fi di irun rẹ̀ tí ó tú, nítorí pé irun títú jẹ́ ti ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀. Ọwọ́ ọmọkùnrin tí wọ́n ní kí ó pa á ń gbọ̀n, idà rẹ̀ kọ́kọ́ kan egungun, Perpetua sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí idà náà sí ọ̀fun.

Perpetua kò sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdí rẹ̀ sì ṣókùnkùn sí gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ó yá, àwọn kan kọ ìtàn náà ní kúkúrú fún kíkà nínú ìjọ, ni wọ́n bá fi ọkọ sí i, tí òun náà ń sunkún ní ilé-ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Bí a ṣe ń di àlàfo ìtàn nìyẹn, Àǹtí, kì í ṣe ìwà ibi ló máa ń fà á. Fún àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ lè fi ti idà sílẹ̀. Ti bàbá ni kí ẹ má ṣe fò.

Ṣé a lè pe àwọn tí wọ́n pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀ ní ọdún 2022 ní ajẹ́rìíkú? — Kátólíìkì kan, Oǹdó

Ní 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ni àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa nǹkan bí ogójì ènìyàn, àgbà àti ọmọdé. Ẹnu tèmi kò tó láti fi oyè yìí fún ẹnikẹ́ni, mo lè sọ bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe rí. Lónìí, bíṣọ́ọ̀bù ibi tí ikú ti ṣẹlẹ̀ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, òfin sì ní kí ọdún márùn-ún kọ́kọ́ kọjá, àfi tí Póòpù bá yọ̀ǹda. Wọn yóò wádìí bóyá ìkórìíra ìgbàgbọ́ ni ó mú kí apànìyàn pa wọ́n, àti bóyá àwọn tí ó kú fara mọ́ ikú náà nítorí Kristi. Ibi tí yóò ti ṣòro nìyẹn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó bi wọ́n ní ìbéèrè kankan kí ìbọn tó dún. Ṣùgbọ́n Ìjọ ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ tí Hẹrọdu pa ní Bẹtilẹhẹmu ní 28 oṣù Kejìlá, àwọn náà kò sì jẹ́wọ́ ohunkóhun.

Ní ayé àtijọ́, kò sí ọ́fíìsì tí a ń kọ̀wé sí. Nígbà tí wọ́n dáná sun Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Smirna, ní nǹkan bí ọdún 155, lẹ́yìn tí ó ti sọ pé òun ti sin Kristi fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ṣa egungun rẹ̀ jọ, wọ́n ní ó níye lórí ju òkúta iyebíye lọ, wọ́n pinnu láti máa péjọ ní àyájọ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà sí ìjọ mìíràn. Lẹ́tà náà ni a fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ àti Oǹdó ṣe nìyẹn, kí ojú àwọn tí ó wà níbẹ̀ tó di ilẹ̀: kí a kọ orúkọ olúkúlùkù, ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tí ó jókòó sí, ohun tí àwọn tí ó yè gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, láìfi nǹkan kan kún un.

Pásítọ̀ wa ní gbogbo Kristẹni ìgbàanì ni ó gbà láti kú, kò sí ẹni tí ó sẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ọ̀dọ́ kan, Oǹdó

Rárá o. Ní ọdún 250, Késárì Decius pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí. Ó lé ní ogójì irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti hú jáde láti inú iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ Íjíbítì. Ẹni tí ó ni ín yóò sọ pé òun ti ń rúbọ láti ọjọ́ pípẹ́, pé òun ti ta ọtí sílẹ̀, òun ti jẹ nínú ẹran ẹbọ, kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun fọwọ́ sí i. Cyprian kọ ọ́ pé ní Carthage, àwọn Kristẹni rọ́ lọ síbẹ̀ débi pé ilẹ̀ ń ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n padà wá lọ́la, àwọn kan sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ gba tàwọn lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn kò rúbọ, owó ni wọ́n fún òṣìṣẹ́ tí ó sì kọ ìwé ẹ̀rí fún wọn; irú èyí kò ṣàjèjì sí wa ní Nàìjíríà.

Nígbà tí inúnibíni náà rọlẹ̀, ariyanjiyan dé lórí bóyá kí wọ́n gba àwọn wọ̀nyí padà. Ní ọdún 251, àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ ní Carthage, wọ́n sì pinnu pé ẹni tí ó ra ìwé lásán lè padà lẹ́yìn ìrònúpìwàdà, ẹni tí ó rúbọ ní tòótọ́ yóò dúró títí ikú yóò fi súnmọ́ ọn; nígbà tí inúnibíni mìíràn tún ń bọ̀, wọ́n dẹ okùn fún àwọn náà.

Cyprian tí ó ń ṣe alága gbogbo èyí ti sá pamọ́ ní ọdún 250, àwọn kan kò sì dárí rẹ̀ jì í. Ó ní ìjọ nílò olórí tí ó wà láàyè, ó sì ń fi lẹ́tà darí wọn láti ibi tí ó wà. Ní ọdún 257 wọ́n lé e lọ sí ìlú Curubis. Nígbà tí ó padà, tí ó gbọ́ pé gómìnà fẹ́ kí wọ́n mú òun lọ sí ìlú Utica, ó tún fara pamọ́, nítorí pé ó fẹ́ kí ó jẹ́ ìlú tí òun ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ni òun yóò kú sí, lójú àwọn ènìyàn òun. Ìgbà tí gómìnà dé Carthage ni ó jáde. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀ kúrú bíi ti àwọn ará Scilli: wọ́n ní kí ó rúbọ, ó kọ̀, gómìnà ní kí ó rò ó dáadáa, ó ní ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ tó báyìí kò gba ìrònú, wọ́n ka ìdájọ́, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 258, lẹ́yìn tí ó ti ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ fún ẹni tí yóò bẹ́ ẹ ní owó wúrà 25.